Òdo Wáàtì

Inú yàrá ni mo ti ń wa kẹ̀kẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, torí òtútù ìta kò ṣe é bá jà. Mò ń gun òkè ojú kọ̀ǹpútà, òógùn ń ro tótótó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ sì jẹ́rìí sí i: 210 wáàtì. Lójijì, òdo! Ọkùnrin inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣojú mi dúró sójú kan bí dánfó tí epo rẹ̀ tán lórí bíríìjì. Èmi ṣì ń wa kẹ̀kẹ́ o. Ìyàwó mi yọjú: "Bàbá Ìbejì, ẹ ti ń sinmi nìyẹn?"

Mo fura sí bátìrì. Mo tiẹ̀ fura sí àwọn ará ilé bàbá mi. Àṣé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ wà: mo ti ki ańtẹ́nà ANT+ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ bọ ẹnu USB 3.0, ariwo tí USB náà sì ń pa bọ́ sórí ìgbì 2.4 GHz gan-an tí kẹ̀kẹ́ fi ń sọ̀rọ̀. Wi-Fi wà níbẹ̀, makirowéfù náà wà níbẹ̀. Ọjà Ọ̀yìngbò ni.

Mo ra okùn USB gígùn, mo gbé ańtẹ́nà sídìí kẹ̀kẹ́. Ó gbọ́. Bí wáàtì bá tún wá di òdo nísinsìnyí, ilé ìdáná ni mo máa ń pariwo sí: "Ta ló tún ń fi makirowéfù mú mọ́ínmọ́ín gbóná?"