Ẹnjiníà Pọ́ǹpù

Láti Ogere títí dé Bódìjà, kò sí ibi tí tírélà ń sùn sí tí ẹ ò ní bá Ẹnjiníà Pọ́ǹpù. Ẹ má da ara yín láàmú lórí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Mẹkáníìkì ọkọ̀ tó ń mu dísù ni, àìsàn kan ṣoṣo ló sì gbà pé ó wà láyé. Tírélà ò gun òkè mọ́: pọ́ǹpù epo ni. Èéfín dúdú ń bò ó lẹ́yìn: pọ́ǹpù ni. Ó ń kú lójú ọ̀nà, ó tún ń jí: pọ́ǹpù ni, ó ti lọ tán. Bí táyà bá bẹ́, mo fura pé yóò kọ́kọ́ yẹ pọ́ǹpù wò.

Kì í ṣàdédé fọwọ́ kan ọkọ̀. Yóò kọ́kọ́ yí i po, yóò pòṣé, yóò wá bèèrè pé, "Ta ló fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yìí kẹ́yìn?" Orúkọ yòówù kí wọ́n dá, yóò mi orí: "Onítọ̀hún ti bà á jẹ́." Dírẹ́bà kan dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀yin náà ni, ọ̀gá." Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Ṣé ẹ wá rí i? Ẹnì kan ti tú u lẹ́yìn mi."

Lẹ́yìn èyí ni yóò ní kí wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Yóò fi ẹnu sìkùrùdíráfà gígùn kan ti ara nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí, yóò dijú pinpin bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Gbogbo èrò á dákẹ́. Ká sọ òótọ́, ọgbọ́n gidi wà nínú rẹ̀: nọ́sù tó ń ṣiṣẹ́ a máa dún kọ́kọ́kọ́ lábẹ́ irin náà, èyí tó ti dákú kò ní dún bẹ́ẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́, bí ẹ bá sì ń fi sípánà 17 dẹ páìpù nọ́sù lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ dẹ̀ tí ohùn ẹ́ńjìnnì ò yí padà, ibẹ̀ ni àlébù wà. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí etí rẹ̀ ì báà gbọ́, pọ́ǹpù ni ẹnu rẹ̀ yóò sọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀gbẹ́ni yìí mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Atẹ́gùn ló ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, kí nọ́sù tó fọ́n epo sí i kí iná sì sọ. Ó mọ̀ pé èéfín dúdú ń sọ pé epo ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, pé fíltà atẹ́gùn tí eruku ọyẹ́ ti dí, tàbí họ́ọ̀sì tọ́bò tó ti là, ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Ó mọ̀ pé èéfín funfun lè jẹ́ epo tí kò jóná, ó sì lè jẹ́ omi tó ń wọ ibi tí kò yẹ. Bí agbára bá sì lọ tí kò sí èéfín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo ni kò dé. Kéèyàn tọ ọ̀nà epo láti táǹkì wá ló kù. Gbogbo èyí ló kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Níwájú oníbàárà nìkan ló máa ń gbàgbé.

Ẹ wo tírélà kan tó kó sìmẹ́ńtì ní Ṣàgámù, tó ń lọ sí Ìbàdàn. Yóò sáré dáadáa fúngbà díẹ̀, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, yóò kú. Bó bá sinmi, yóò jí, yóò tún máa sáré. Àìsàn tí ìsinmi ń wò báyìí, nǹkan kan ló sábà máa ń dí epo lọ́nà bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà á. Ó lè jẹ́ ihò atẹ́gùn ìdérí táǹkì ló dí. Bí ẹ bá tú ìdérí náà tó sì fa atẹ́gùn pé "ṣùùù", ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Ó sì lè jẹ́ ìdọ̀tí ló ń lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù inú táǹkì, tó ń já bọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ọmọṣẹ́ ti ń nawọ́ sí ìdérí táǹkì.

"Ìwọ, kúrò níbẹ̀! Lọ gbé sípánà wá."

Fóònù ti wà létí ọ̀gá.

"Alájà, ẹ kú iṣẹ́ ajé o. Ọkọ̀ yín ti dé ọ̀dọ̀ mi."

"Kí ló tún ṣe é?"

"Hà, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ ni, Alájà. Pọ́ǹpù ti lọ."

"Pọ́ǹpù tí mo rà lásìkò Ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Òun ló gbé wa débí, Alájà. Pọ́ǹpù Bẹ́ljíọ̀mù kan wà nílẹ̀ báyìí, tòkunbọ̀ ojúlówó. Ẹ yára kí wọ́n má tà á."

Nígbà tí wọ́n ń tú páìpù epo, ọmọṣẹ́ fa ọ̀rá dúdú kan jáde nínú táǹkì, irú ọ̀rá tí àwọn tó ń ta dísù lẹ́bàá ọ̀nà fi ń dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ó gbé e han ọ̀gá. Ọ̀gá wo ọ̀rá, ó wo ọmọ, ó ní kó lọ jù ú nù. Wọ́n de Bẹ́ljíọ̀mù mọ́ ọn, wọ́n lé atẹ́gùn jáde nínú páìpù, tírélà sì ta kán-ún. Alájà fi owó ránṣẹ́, ó fi àdúrà lé e. Pọ́ǹpù tí kò ṣẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fi dísù nù ún mọ́, wọ́n gbé e sórí àga. Òun ni Bẹ́ljíọ̀mù oníbàárà tó ń bọ̀.

Àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń ti Ṣáínà wá ti fẹ́ ba iṣẹ́ yìí jẹ́ fún un, nítorí kọ̀ǹpútà ló ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹnjiníà Pọ́ǹpù ní kọ̀ǹpútà ń purọ́. Ó fi téèpù dúdú lẹ iná pupa tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tún mú sípánà 17 rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti dẹ́kun ẹ̀rín. Agbára atẹ́gùn inú táyà tírélà kì í ju bíi 8 tàbí 9 bar lọ. Ti epo inú páìpù irú ẹ́ńjìnnì yìí lè ju 1,000 bar lọ. Ẹni tó bá dẹ páìpù náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, dísù lè gún awọ ara rẹ̀ wọlé.

Àwa tí à ń sanwó ló kọ́ ọ nírú ìwà yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Ká ní ó tú ìdérí táǹkì, tó yọ ọ̀rá, tó ní, "Alájà, ó ti parí," èló la ó fún un? Owó omi. A ó tiẹ̀ ní kí ló ṣe tó ń gbowó. Ṣùgbọ́n bó bá da irin sílẹ̀ rẹpẹtẹ, tí epo kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́, a ó máa pè é ní ẹnjiníà.

Nítorí náà, Alájà, kí ẹ tó fi owó pọ́ǹpù ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí dírẹ́bà kọ́kọ́ tú ìdérí táǹkì, kó fa omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, kó sì pààrọ̀ fíltà epo àti ti atẹ́gùn. Kí ẹ sì fún ọmọṣẹ́ yẹn lówó.