Oríkì Bọ́ọ̀sì Pupa, Akunsùn-má-rèlé-ọkọ

Ìbà fún ìwọ Bọ́ọ̀sì Pupa, apọ́nbéporẹ́ ọkọ̀ tí òkìkí rẹ̀ ń dé ọjà kí táyà rẹ̀ tó dé ìdí ìsọ̀. Ìbà fún ìwọ akunsùn-má-rèlé-ọkọ, tí o la ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já ní ọdún 2016, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ dìbò, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe àríyànjiyàn bóyá kí àwọn dúró nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni tàbí kí àwọn káṣọ àwọn kí àwọn sì máa lọ. A ti ki ọba, a ti ki ìlú, a ti ki ẹkùn àti erin, a kò sì fi oríkì du iyán. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ó fẹsẹ̀ rìn tàbí tí ó fi táyà yí lórí ilẹ̀, èwo ni a tún rí tí ó gbé odidi orílẹ̀-èdè kúrò nínú ẹgbẹ́ tí ó ti jókòó sí láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, tí kò sì ní ju ìwọ̀nba àga mélòó kan nínú lọ? Ẹ bá mi ki bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ọmọ Oòduà. Ẹni tí ó bá ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí, bí kò tilẹ̀ yẹ fún adé, ó yẹ fún ìlù.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ilé rẹ ni n ó kọ́kọ́ wò. Ọmọ Neoplan ni ọ́, ọmọ àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n ń rọ irin títí irin fi ń di ààfin. Ìwọ tí a bí sí agboolé Yúróòpù, tí àwọn ẹni-ká-lọ sì wá háyà kí o lè máa káàkiri sọ fún ayé pé agboolé náà kò dára. Abú-ìyá-ní-gbangba-má-kọsẹ̀! Truro ni wọ́n ti kó ọ jáde, ní ẹkùn Cornwall, ní igun ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tán lọ sínú òkun, ní ọjọ́ 11 oṣù Ẹ̀bìbí. Boris Johnson, aṣáájú àwọn ẹni-ká-lọ, sì dúró ti ọ́, irun orí rẹ̀ rí wúruwùru, ó na mítípáì àwọn ará Cornwall sókè fún àwọn oníròyìn. N kò ní ṣàìsọ pé mítípáì yẹn gan-an, òfin Yúróòpù ni ó ti ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀ láti ọdún 2011, kí ará ibòmíràn má baà sè é kí ó sì fi orúkọ Cornwall tà á. N kò sì ní ṣàìsọ pé Cornwall wà lára àwọn ẹkùn tí owó ìrànwọ́ Yúróòpù ń wọlé sí jù lọ ní ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ro ìyẹn níwájú ẹwà rẹ? O kọjá, wọ́n wò ọ́. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ ìbò, ìdá 56.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní kí wọ́n máa lọ.

Kí a tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí ó wà lára olúwa mi. Ẹlòmíràn a kọ pélé tàbí àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí a lè mọ ilé tí ó ti wá. Ìwọ kọ tìrẹ sí ìhà, ní lẹ́tà funfun gbàgàdà-gbagada tí ẹni tí ojú ń dùn kò lè ṣì kà: pé £350 mílíọ̀nù ni à ń fi ránṣẹ́ sí Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kúkú fi tọ́jú NHS, ilé ìwòsàn ìjọba wa. A-ní-mílíọ̀nù-lára-má-ní-kọ́bọ̀-lápò! Olówó ìhà, tálákà inú! Owó náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, báyìí ni ó rí. Ní ọdún 1984, ní Fontainebleau nílẹ̀ Faransé, Margaret Thatcher, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, obìnrin tí kì í fi owó ṣeré, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fà á títí wọ́n fi gbà láti máa dín owó tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá kù. Ẹ̀dínwó yìí kì í sì í ṣe owó tí ń lọ tí ń bọ̀, kì í kúrò nínú àpò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rárá. Nínú èyí tí ó bá wá lọ, apá kan a tún padà wá sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, sọ́wọ́ àwọn ẹkùn tí ọrọ̀ kò dé, àti sọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì. Bí a bá yọ tibí, tí a yọ tọ̀hún, ohun tí ó ṣẹ́kù kò ju nǹkan bí ìdajì ohun tí ó wà lára bọ́ọ̀sì lọ. Ṣùgbọ́n ìdajì kì í dùn ún pè lẹ́nu tó odidi, owó tí a ti yọ ẹ̀dínwó kúrò nínú rẹ̀ kì í sì í yẹ lẹ́tà ńlá. Olúwa mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olúwa mi kò yọ kọ́bọ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Níbi tí o ti ta àwọn àgbà yọ nìyí, ìwọ Bọ́ọ̀sì Pupa, nítorí pé oṣù Ẹ̀bìbí tí wọ́n kó ọ jáde kò tíì parí tí Sir Andrew Dilnot, olórí àjọ tí ń ṣọ́ ìṣirò ìjọba, fi kọ̀wé pé iye náà ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Òtítọ́ bá ọ lójú títì, ó ní kí o dúró. O ṣílẹ̀kùn fún un, o fún un lága, o sì ń bá eré rẹ lọ. Dókítà Sarah Wollaston, tí òun náà jẹ́ aṣòfin nínú ẹgbẹ́ Johnson, tí ó sì ti bá àwọn ẹni-ká-lọ rìn, wo ohun tí wọ́n kọ nípa ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ tinú tẹ̀yìn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá sọ́dọ̀ àwọn ẹni-ká-dúró. Níjọ́ wo ni dókítà bọ́ sílẹ̀ tí ọkọ̀ tún ń yára sí i?

Àṣírí agbára rẹ nìyí, èyí tí n kò rí lára ọkọ̀ mìíràn: ẹni tí ń bá ọ jà ni alágbàpolówó rẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé kì í ṣe £350 mílíọ̀nù, dandan ni kí ó kọ́kọ́ dárúkọ £350 mílíọ̀nù, nígbà tí ó bá sì ṣe àlàyé tirẹ̀ tán, tí ó yọ ẹ̀dínwó, tí ó yọ ìpadàbọ̀, tí òógùn ti bò ó, ìyá arúgbó tí ń gbọ́ rédíò nílé ìdáná a mi orí, a ní, “Owó yẹn ṣì pọ̀ o.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jiyàn rẹ láàárọ̀, tí wọ́n ń jiyàn rẹ lálẹ́, tí gbogbo ìlú kò fi sọ̀rọ̀ ohun mìíràn ju pé owó ń jáde lọ, èló sì ni. Dominic Cummings, igi lẹ́yìn ọgbà ìpolongo náà, kò fi í pamọ́ nígbà tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 2017: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lo iye náà kí àwọn alátakò lè máa bá wọn jiyàn lé e lórí ni. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó ọwọ́ ni a fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n tìrẹ tún kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé òtítọ́ gan-an ni ó ń bá ọ ṣe ìpolówó ọjà. Ọkọ̀ tí àwọn tí ń tì í sẹ́yìn ń tì síwájú! Nígbà tí Michael Gove, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹni-ká-lọ, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 3 oṣù Òkúdu pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti sú àwọn ará ìlú, mo mọ̀ pé agbẹnusọ rẹ ni.

Àwọn alátakò rẹ náà gbìyànjú, kí a má parọ́ mọ́ wọn. George Osborne, akápò ìjọba, mú iye tirẹ̀ wá, ó ní bí wọ́n bá lọ, nígbà tí yóò bá fi di 2030, agboolé kọ̀ọ̀kan yóò ti fi £4,300 tòṣì lọ́dún. Ìwé rẹ̀ nípọn. Kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ dọ́la. Ìbẹ̀rù ni ó ń kiri, ìwọ ń kiri ilé ìwòsàn. Èwo ni aláìsàn yóò rà?

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí Peckham, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá níbẹ̀. Òfin ìbò yẹn gba ọmọ orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tí ń gbé Ìlú Ọba láyè láti dìbò, kò sì gba ará Poland tàbí ará Faransé láyè, ì báà ti máa san owó orí níbẹ̀ láti ogún ọdún. Ọmọ Ìbàdàn tí kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìfowópamọ́ dáadáa ní ẹ̀tọ́ láti sọ bóyá kí Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò ní Yúróòpù, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ará Poland, tí gbogbo ayé tirẹ̀ so mọ́ ọ̀rọ̀ náà, yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà máa wo bí yóò ti rí. Ẹni tí wọ́n jẹ gàba lé lórí lánàá ni wọ́n wá ń bi lónìí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé kí a máa lọ?” Àwọn kan nínú wa gbà pé bí ilẹ̀kùn Yúróòpù bá tì, tiwa yóò ṣí. Ó ṣí lóòótọ́ fún sáà kan, àwọn nọ́ọ̀sì wa rọ́ wọlé. Nígbà tí ó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, wọ́n ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kó ìyàwó àti ọmọ dání mọ́.

Ọjọ́ 23 oṣù Òkúdu pé, àwọn ẹni-ká-lọ sì lé ní mílíọ̀nù 17, ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilẹ̀ mọ́, David Cameron, olórí ìjọba tí ó pe ìbò náà, ní òun ń kọ̀wé fipò sílẹ̀. Wọ́n bi Nigel Farage, tí òun náà ti ń polongo ìjáde, lórí tẹlifíṣọ̀n bóyá ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé £350 mílíọ̀nù yóò dé ilé ìwòsàn, ó ní rárá o, àṣìṣe ni ìyẹn, òun kọ́ ni òun kọ ọ́. Ká sòótọ́, òun kọ́. Ìpolongo tirẹ̀ yàtọ̀. Kò tó oṣù kan sí i tí àwọn ajàjàgbara àyíká Greenpeace háyà rẹ, wọ́n gbé ọ dúró síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì kọ ọ́ sí ọ lára pé àsìkò òtítọ́ tó. O kò bínú. Arẹwà-tí-kì-í-kọ-aṣọ, èyí tí wọ́n bá wọ̀ fún ọ ni ó ń yẹ ọ́!

Nílẹ̀ wa, obìnrin tí ó bá kọ ọkọ ni ó ń dá owó ìdána padà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni tàwọn yóò rí, àfi ìgbà tí wọ́n jókòó tí wọ́n ṣírò gbogbo ohun tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé sí sẹ́yìn, tí ìjọba sì fojú díwọ̀n rẹ̀ sí nǹkan bí £39 bílíọ̀nù. Mo wo ìhà rẹ ọ̀tún, mo wo tòsì, n kò rí i kà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020 ni wọ́n tó jáde. Títí di òní olónìí ni ọ̀rọ̀ Àríwá Ireland, tí ìdá 55.8 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dìbò láti dúró, ṣì ń dà wọ́n láàmú, adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Àwọn olólùfẹ́ rẹ á ní Theresa May, tí ó jẹ olórí ìjọba lẹ́yìn Cameron, ṣèlérí owó ńlá fún NHS ní ọdún 2018, ó sì dárúkọ èrè ìjáde. Lóòótọ́ ni, àwọn onímọ̀ ìnáwó sì ní èrè náà kò sí níbì kan, owó orí àti gbèsè ni yóò san án. Johnson ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ tọrọ gáfárà: ó ní iye tí ó wà lára rẹ kéré jù, yóò tó £438 mílíọ̀nù. Nígbà tí wọ́n bi í ní ọdún 2019 pé kí ni ó máa ń fi gbafẹ́, ó ní òun máa ń fi àpótí ọtí ṣe bọ́ọ̀sì, òun a sì kun àwọn èrò tí inú wọn ń dùn sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn a máa gbẹ́ ère ìbejì. Ìwọ ni ó ń gbẹ́, olúwa mi, ìwọ ni!

Mo ti kì ọ́ tó báyìí; onílù kì í lù fún ọlọ́lá kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. £350 mílíọ̀nù ni mo kọ́kọ́ fi ọkàn sí. Bí ó bá pọ̀ jù, yọ ẹ̀dínwó Thatcher kúrò, yọ tàwọn àgbẹ̀, yọ ti Cornwall, yọ tàwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, n ó gbà á. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: má wulẹ̀ kọ ọ́ sí ìhà, kà á sí mi lọ́wọ́.