Onísùúrù Aguidi

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Aguidi níbí, ní ilẹ̀ Benin, tó ń dúró de kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé ó ti sanwó, tí ọjà wà lójú ọ̀nà. Owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjà ń bẹ ní Kútọnu; òun ló ní kí àwọn méjèèjì má tíì pàdé. Kọ̀ǹpútà géèmù ló fẹ́, irú èyí tí bọ́tìnì ara rẹ̀ ń tàn pupa, tó tún ń tàn búlúù. Mo bi í pé kí ló dé tí kò rà á. Ó ní, "Bàbá, GTA VI ni mò ń dúró dè. Mi ò fẹ́ ra ẹ̀rọ tí kò ní lè gbé e."

Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n, títí mo fi wádìí rẹ̀. Rockstar tó ń ṣe géèmù yìí kọ́kọ́ ní ọdún 2025 ni yóò jáde. Wọ́n sún un sí 26 oṣù Karùn-ún 2026. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n tún sún un sí 19 oṣù Kọkànlá 2026. Ìyẹn ò burú. Bíríkìlà Sakété náà a máa sún ọjọ́. Ibi tí ẹ̀rín wà ni pé PlayStation 5 àti Xbox Series ni wọ́n dárúkọ nínú gbogbo ìkéde wọ̀nyẹn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ kọ̀ǹpútà. GTA V tó ṣáájú rẹ̀, oṣù Kẹsàn-án 2013 ló jáde, ó sì di oṣù Kẹrin 2015 kí oníkọ̀ǹpútà tó fojú kàn án. Ọmọ wa kò ra ẹ̀rọ, nítorí géèmù tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé yóò wọ inú ẹ̀rọ náà.

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń ṣàánú àgbàlagbà, ó ní, "Bàbá, onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún."

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá fara balẹ̀, ohun tó le jù á rọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ pa òwe yìí mọ kìnnìún tó ń bá lò. Ó mọ ibùba rẹ̀, ó gbé igbá lọ́wọ́, ó ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ti Aguidi, bó bá ku díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ ba ọmú, á gbọ́ pé kìnnìún tí ọmú rẹ̀ tóbi ju èyí lọ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mìíràn, á sì gbé igbá rẹ̀ padà sílé. Kìnnìún ò sì lè tán. NVIDIA tó ń ṣe káàdì àwòrán gbé ọ̀wọ́ 30 wọ kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́dún 2021, ọ̀wọ́ 40 lọ́dún 2023, ọ̀wọ́ 50 lọ́dún 2025. Ẹni tó bá ní ìkẹyìn wọn lòun máa fún, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún igbá.

Ẹ má sì rò pé àná ló bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2019 ló kọ́kọ́ kówó jọ, Ìkẹjà l'Ékòó ló fẹ́ gbà lọ. Ó ní kí òun dúró de ẹ̀dínwó ìparí ọdún. Oṣù Kẹjọ ni Nàìjíríà ti ẹnubodè. Ẹnubodè Ìgòlò tí à ń gbà kọjá bí ẹni ń lọ sẹ́yìnkùlé dákẹ́ lọ gbári. Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣí ẹnubodè wọn ní Ìdírókò padà. Láàárín ìgbà náà, àwọn tó ń fi káàdì àwòrán wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbá káàdì kúrò lọ́jà, ọ̀wọ́n gógó dé. Ó ní kó rọlẹ̀ ná.

Ní oṣù Kẹfà 2023, báńkì àgbà Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀, náírà já bọ́. Àwa tí owó wa so mọ́ yúrò, sẹ́fà 655.957 fún ẹyọ kan, a di bọ̀rọ̀kìnní ní Ìdírókò lọ́sàn-án kan òru kan. Gbogbo wa ní ó yá, lọ rà á. Ó ní kí náírà tún já díẹ̀ sí i. Náírà gbọ́ tirẹ̀, ó já sí i. Àmọ́ dọ́là ni oníṣòwò Ìkẹjà fi ń kó kọ̀ǹpútà wọlé, bí náírà ṣe ń já ni òun náà ń gbówó lé ọjà. Ohun tí Nàìjíríà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló dọ̀pọ̀ fún wa, Nàìjíríà ò sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe káàdì NVIDIA.

Yàtọ̀ sí GTA, ìdúró tòní tún ní ìdí kejì: ó ní owó kọ̀ǹpútà á wálẹ̀. Samsung, SK Hynix àti Micron ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú RAM ayé, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá ló sì ń kó o lọ báyìí. Ní oṣù Kejìlá 2025, Micron kéde pé òun ò ní ta RAM Crucial fún èrò ọjà bíi tiwa mọ́. Iye RAM ti fò sókè, ọmọ wa jókòó sísàlẹ̀ ó ń wò ó. Àwọn tó dàgbà nínú wa mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 11 oṣù Kìn-ín-ní 1994, wọ́n kéde ní Dakar pé owó Faransé kan tí à ń fi 50 sẹ́fà rà ti di 100. Ẹni tó ti ní ọ̀la lòun máa ra fíríìjì, ọ̀la dé, owó ọwọ́ rẹ̀ ku owó ilẹ̀kùn fíríìjì.

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà, àfi bó ṣe máa tàn ní Aguidi. Bí géèmù bá ń lọ lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, agbára káká ni bátìrì fi ń lo wákàtí méjì. Bí iná SBEE bá lọ, ó di ẹjọ́ jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń mu kpayo, epo tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wọlé láti Nàìjíríà, owó kpayo sì ti gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀ láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní ìrànwọ́ epo ti tán. Mo bi í. Ó ní òun ò tíì dé orí ìyẹn. Alaalẹ́ ló ń ra dátà wo fídíò tí wọ́n fi ń wọn kọ̀ǹpútà kan mọ́ èkejì, owó dátà náà ì bá ti ra ọ̀kan nínú méjèèjì.

Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ, láti ibí dé Pobè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá gba ìmọ̀ràn, kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n rà, wọ́n ń lò ó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ra tòkúnbọ̀ kan tí kò ní iná pupa, tí kò ní búlúù, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bá a níbẹ̀, ó ní ó kánjú, pé tọdún tó ń bọ̀ á dára jù ú lọ ní iye kan náà.

Ọmọbìnrin yẹn ò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá ti bí i, kí ẹ wá tẹ ìwé ìkómọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọgọ́rùn-ún sẹ́fà lójú ìwé kan."