Dókítà Ó-Wà-ní-Rìsáàfù

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà ẹ̀kọ́, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì mọ yàrá tí wọn yóò ti gba kíláàsì, Dókítà ti gúnlẹ̀. Ó gbé báàgì aláwọ rẹ̀ ka tábìlì, ó fa bébà kan yọ tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rọ̀ bí òjá ọmọ. Tápúráítà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀gá tó kọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: Samuel Johnson, ìtàn àwọn Yorùbá, 1921. Biobaku lórí Ẹ̀gbá, 1957. Ajayi àti Smith lórí ogun ilẹ̀ Yorùbá, 1964. Akintoye lórí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, 1971. Robin Law lórí ìjọba Ọ̀yọ́, 1977, èyí sì ni àbíkẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn 1977, ní ti Dókítà, kò sẹ́ni tó tún kọ nǹkan kan.

“Ẹ má yọ mí lẹ́nu pé ẹ ò rí ìwé,” ló máa ń fi parí rẹ̀. “Gbogbo rẹ̀ pátá ló wà ní rìsáàfù.”

Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ tó dáa, ṣùgbọ́n láti gbọ̀ngàn ìdánwò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì, Dókítà Ó-Wà-ní-Rìsáàfù ni. Bí ẹ bá ti ka ìwé ní yunifásítì kan rí nílẹ̀ yìí, ẹ ti bá a pàdé. Ó lè jẹ́ òfin ni tiyín ń kọ́ni, ó lè jẹ́ ètò ọrọ̀-ajé. Èyí tí mò ń wí yìí, ìtàn ló ń kọ́ni.

Ètò rìsáàfù fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi. Olùkọ́ á kọ orúkọ ìwé tí gbogbo kíláàsì nílò sí fọ́ọ̀mù kan, á fi ránṣẹ́ sí láìbìrì kí sáà tó wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ á kó ìwé náà kúrò níbi tí gbogbo èèyàn ti ń mú ìwé fúnra wọn, wọn á kó o sẹ́yìn kántà. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á gba ìwé fún wákàtí méjì, á jókòó síbẹ̀ kà á. Bí láìbìrì bá fẹ́ tì lálẹ́, ó lè gbé e lọ sùn, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn tó ṣí tán láàárọ̀, kí ó ti dé. Ẹni tó bá pẹ́, wákàtí ni wọ́n fi ń ka owó ìtanràn tirẹ̀, kì í ṣe ọjọ́. Báyìí ni ìwé kan ṣoṣo fi ń kárí ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Dókítà fẹ́ràn láti máa sọ fún kíláàsì pé ètò yìí gbilẹ̀ ní Harvard, ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ Justin Winsor tó di ọ̀gá láìbìrì ibẹ̀ ní 1877. Òótọ́ ló sọ. Ó mọ ìtàn rìsáàfù ju ọ̀nà tó lọ síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kò mọ èyí. Á gbéra ní ọ̀sán, á dé iwájú kántà, á kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà. Ìwé Johnson ni mo wá gbà. Dókítà ní ó wà ní rìsáàfù.”

Màmá tó wà níbẹ̀ kò ní gbé ojú kúrò lára nọ́ńbà tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé. “Ṣé Dókítà sọ fún ẹ pé rìsáàfù ilé òun ni?”

Nínú dúrọ́ọ̀ Màmá, káàdì kan wà tí ó fi ń ṣe àlàyé fún ẹni tó bá jiyàn. Ọdún 1991 ni Dókítà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ nígbà náà, fọwọ́ sí i pé òun gba ìwé náà fún wákàtí méjì.

Ẹ sì wo irú ìwé tó jẹ́. Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé lókè òkun, wọ́n sọ ọ́ nù. Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án ní títẹ̀. Ọbadáyà àbúrò rẹ̀, oníṣègùn, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ, kí ó tó jáde ní 1921. Dókítà kan ló wá ìwé yìí rí. Dókítà mìíràn ló tún gbé e wọgbó.

Kí n má baà dà bí ẹni tó kórìíra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀dà mẹ́fà ló wà lẹ́yìn kántà yẹn, ó sì tò sórí ìlà gba tirẹ̀. Ní 1986 ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, dé, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, láìbìrì tó ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè ra ìwé di ibi tí wọ́n ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé àtijọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi bíléèdì gé ojú ìwé lọ. Àwọn ọlọgbọ́n àárín wọn ń gbé ìwé ìtàn pamọ́ sáàárín ìwé ẹ̀kọ́ nípa òkúta, níbi tí àwọn nìkan ti mọ̀ pé ó wà. Dókítà ní ìwé náà ṣẹ́ ku ẹyọ kan, òun sì gbé e sálà ni. Kò purọ́ tán. Àmọ́ ojú ìwé méjì mẹ́ta ni oníbíléèdì ń gé. Òun ló kó o tòun ti èèpo.

Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, àwọn ọmọ ayé òde òní gbé ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Ọ̀kan wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi fóònù hàn án.

“Sà, mo ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Odindi rẹ̀ ni, sà. Ọ̀fẹ́ ni.”

Dókítà wo fóònù náà láti òkèèrè. “Ìwé tí a kò lè gbé sábẹ́ abíyá, ìwé ni? Rìsáàfù ni mo ní kí ẹ ti lọ kà á.” Ó mú gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò. “Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyà ń jẹ yín. Mo ti ṣe àkójọ kékeré kan. Ó wà lọ́wọ́ aṣojú kíláàsì yín. Kí kálukú rí i pé wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ bó bá ti sanwó.”

Orí mẹ́rin nínú ìwé Johnson ni àkójọ kékeré náà, pẹ̀lú àwọn àṣìṣe tẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ fi ṣe èènì. Orúkọ Dókítà ló wà lára èèpo. Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣe fótókọ́pì rẹ̀ yóò fojú winá òfin kọ́píráìtì ti 2022.

Ìgbà kan wà ṣáá tí ìwé náà máa ń wálé. Bí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, bá fẹ́ wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀kọ́ ìtàn, tí ọ̀gá ẹ̀ka sì ti kéde rẹ̀, wàá rí awakọ̀ Dókítà láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú páálí méjì. Johnson á jókòó sẹ́yìn kántà, Biobaku á tì í lápá ọ̀tún, Ajayi àti Smith lápá òsì, wọ́n á nu eruku ara wọn. Dókítà fúnra rẹ̀ ló máa ń mú àwọn àlejò débẹ̀. “Àwọn ọmọ wa ń kà á gan-an ni,” á wí, á sì fi ìka tọ́ èèpo rẹ̀ tó ti gbó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n ti ń bẹ nítòsí pẹ̀lú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan kàwé yege pẹ̀lú wákàtí méjì ọ̀sẹ̀ NUC yẹn. Bó bá fi máa di ọ̀sán Jímọ̀, páálí ti padà sínú búùtù.

Ọdún márùndínláàádọ́rin pé, Dókítà fẹ̀yìn tì. Wọ́n ta àtíbàbà síwájú láìbìrì. Olóòtú ètò kéde pé Dókítà, nínú ìfẹ́ tó ní sí ìmọ̀, ń fi àwọn ìwé tirẹ̀ ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ṣí páálí àkọ́kọ́ kí afọtò lè rí nǹkan yà. Màmá ni wọ́n ní kí ó gbà á, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa gbé.

Màmá ṣí Johnson. Òǹtẹ̀ láìbìrì wà nínú rẹ̀ lójú ìwé kìn-ín-ní, ó wà lójú ìwé kẹtàdínlógún, ó tún wà lẹ́yìn. Kò sọ nǹkan kan. Ó fa káàdì 1991 yọ nínú àpò rẹ̀, ó yí i dà, ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò wákàtí. Ó ti ń lọ sí ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá nígbà tí ọ̀gá láìbìrì fi ìgbúnwọ́ tọ́ ọ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bírò sílẹ̀, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Afọtò ń dúró.”