Ọ̀gbẹ́ni Kógbogborẹ̀

Ẹ ó mọ̀ ọ́n tí ẹ bá fojú kàn án. Awò dúdú ló wọ̀ nínú yàrá tí oòrùn ò wọ̀ rí, fìlà rẹ̀ bo iwájú orí, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í sinmi lórí àwọn ike róbótó tí wọ́n ń pè ní chip: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, títí wọ́n á fi lé e dìde. Peckham ló ń gbé, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó níṣẹ́ tó ń lọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní ìdíje póòkà ni. Ẹ má dán an wò kí ẹ pè é ní onítẹ́tẹ́. "Tẹ́tẹ́ ni ti àwọn tó ń ta Baba Ìjẹ̀bú nílé," á dá yín lóhùn, á sì bọ́ awò kí ẹ lè rí i pé inú ń bí òun. "Ìṣirò ni tèmi."

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá. Kógbogborẹ̀ la ó máa pè é, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lórí tábìlì: "Gbogbo ẹ̀!" Á ti gbogbo chip iwájú rẹ̀ sáàárín, á fẹ̀yìn ti àga. Lójú tirẹ̀, ojo ni ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ìdíje póòkà kì í gbe ẹni tó bá ń ṣọ́ra jù. Iye owó kan náà ni gbogbo wọn san wọlé, iye chip kan náà ni wọ́n gbà, chip ọ̀hún kò sì ṣeé gbé lọ sí báńkì. Bó bá ti tán lọ́wọ́ èèyàn, kó gba ọ̀nà ilé. Owó tí òfin fi dandan lé kí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó ta sì ń ga sí i bí alẹ́ ṣe ń lẹ́, débi pé ẹni tó bá jókòó de káàdì Ace méjì á ti gbẹ kí Ace tó dé. Dandan ni kí èèyàn fi gbogbo rẹ̀ wewu nígbà kan. Ìgbà wo? Sí ta ni? Níbẹ̀ ni ọgbọ́n wà, ìgbà tí wọ́n sì ń ṣàlàyé rẹ̀ gan-an ni Kógbogborẹ̀ lọ ra ọtí.

Wòlíì méjì ló ní. Àkọ́kọ́ ni Jack Straus, ará Amẹ́ríkà tó jáwé olúborí nínú World Series of Poker ní Las Vegas lọ́dún 1982. Ìtàn tí àwọn ọlọ́póòkà ń sọ ni pé Straus rò pé chip òun ti tán, ó dìde kó máa lọ, ló bá rí ẹyọ kan ṣoṣo tó sá sábẹ́ pépà ìnuwọ́. Wọ́n gbà á láyè, ó jókòó padà, ó sì ti orí ẹyọ kan yẹn dé ipò kìíní. Kógbogborẹ̀ lè sọ ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ kan. Èyí tí kì í sọ ni ìdí tí wọ́n fi gba Straus láyè: wọ́n ní kò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé gbogbo ẹ̀ lòun fi sílẹ̀. Ká ní Kógbogborẹ̀ ni, ilé ni ì bá ti gbọ́ ìyókù.

Wòlíì kejì ni Chris Moneymaker. Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn o, kì í ṣe ìnagijẹ. Akáúńtáǹtì ni, láti Tennessee. Ó fi $86 wọ ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti ibẹ̀ gba àyè sínú World Series of Poker kan náà, tó jẹ́ $10,000 láti wọ̀, ó sì kó $2,500,000 lọ sílé ní 2003. Èèyàn 839 ló du owó yẹn. Nígbà tó fi máa di 2006, wọ́n ti di 8,773. Irú Kógbogborẹ̀ ti pọ̀ nílùú. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí pé kí ni àwọn 838 yòókù jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìṣirò tó fi ń yangàn wò. Bí Ace méjì bá pàdé King méjì, ẹni tó di Ace mú á jẹ ní nǹkan bí ìgbà 80 nínú 100. Òótọ́ ni. Kógbogborẹ̀ a máa bọ́ sírú àǹfààní bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, á ti gbogbo rẹ̀ sáàárín, á ní, "Mo wà níwájú." Kò parọ́. Tó bá ṣe díẹ̀ á tún ṣe é, kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gbogbo chip rẹ̀ lé 80 nínú 100 lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí chip ẹni tó dojú kọ sì tó tirẹ̀ nígbà gbogbo, bí ìgbà 33 péré nínú 100 ni yóò ṣì wà lórí àga lẹ́yìn ìkarùn-ún. Ó wà níwájú lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì wà nínú bọ́ọ̀sì kí aago mẹ́wàá tó lù. Ibẹ̀ ló ti ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó ń ròyìn King burúkú tó jáde kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ náà á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi," á sì máa jẹun rẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dùn jù ni ibi tí owó ti kù díẹ̀ kó dé. Ká ní ó ku èèyàn mẹ́rin, chip wọn dọ́gba, ẹni mẹ́ta péré lowó sì wà fún: £100,000, £60,000 àti £40,000. Ẹni kẹrin á lọ lọ́wọ́ òfo. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £200,000, nítorí náà àyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wà yẹn tó £50,000. Ẹnì kan wá ti gbogbo chip rẹ̀ síwájú. Kógbogborẹ̀ wo káàdì tirẹ̀: Ace kan, King kan. "Àbọ̀-àbọ̀ ni," ó ní, "bí mo bá jẹ, ó di ìlọ́po méjì!"

Chip á di ìlọ́po méjì lóòótọ́. Owó ńkọ́? Bí ẹ bá fi ìṣirò tí àwọn ọlọ́póòkà ń pè ní ICM wò ó, àyè rẹ̀ á di bíi £76,700. Kò lè dé £100,000, nítorí àwọn méjì ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Bó bá sì pàdánù, òfo. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ fún un ní àbọ̀ gééré, ó mú ohun tó tó £50,000, ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ ohun tí kò tó £39,000, tẹ̀ríntẹ̀rín. Kí ó tó lè jèrè, ó gbọ́dọ̀ máa jẹ ní ìgbà tó ju 65 lọ nínú 100.

Àwọn méjì tó ti dá káàdì wọn padà ńkọ́, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń mu omi? Ẹnikẹ́ni tó bá jáde nínú ìjà yẹn, àyè wọn kúrò ní £50,000, ó di bíi £61,700. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún Kógbogborẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó gbà pé ìyìn ni.

Ìyá Káyọ̀dé, ìyàwó rẹ̀, ò mọ Ace yàtọ̀ sí Queen. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, owó ibẹ̀ ló sì ń san owó ilé.

"Bàbá Káyọ̀dé, ṣé ẹ jẹ?"

"Mo wà níwájú, Ìyá Káyọ̀dé. 80 nínú 100!"

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé 80 yẹn la máa fi san iná?"

Láìpẹ́ yìí Kógbogborẹ̀ ti rí ọ̀nà tí ewu náà ò fi ní jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àwọn ọlọ́póòkà a máa ta ìpín nínú ara wọn: bí owó ìwọlé bá jẹ́ £1,000, ẹ lè san £100, kí ẹ gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ohunkóhun tó bá jẹ. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ń ṣe é, ó sì mọ́gbọ́n dání, nítorí ẹni tí kò fi owó oúnjẹ ilé jókòó á lè ronú. Kógbogborẹ̀ ti ta 30 nínú 100 fún àbúrò rẹ̀, 40 fún àwọn ará ìjọ, 20 fún àna rẹ̀, 25 fún ọ̀gá tó ń gẹ irun fún un. Mo rò ó pọ̀, ó jẹ́ 115. Bó bá wá bá yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó ní kí ẹ tètè ra tiyín kó tó tán, ẹ fi owó yín sápò. Ó ti tán láti ọjọ́ Ẹtì.