Ojú Fóònù Lọ̀rọ̀ Wà

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ayé òde òní ò já wọn nírọ́, ojú tí wọ́n ń wò nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ojú fóònù lọ̀rọ̀ wà báyìí.

Ẹ wo ọkọ ìyàwó ọ̀la kan níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àna rẹ̀ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ló fi kanlẹ̀. Èkejì na fóònù sókè bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun sọdá odò. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù kọjá. Bàbá ìyàwó wo ojú ọ̀run, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wá ìjókòó. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi gbé ìrẹsì dé.

Àìmọ̀wàáhù yìí ti gba orúkọ lọ́dọ̀ òyìnbó: phubbing. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà McCann ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, kó àwọn onímọ̀ èdè, akéwì àti òǹkọ̀wé jọ, pé kí wọ́n wá ohun tí wọn ó máa pe ìwà ẹni tó pa ará iwájú rẹ̀ tì nítorí fóònù. Wọ́n lu orúkọ fóònù pọ̀ mọ́ “snub”, ìyẹn kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bíi kò rí ọ. Ṣé àánú ẹni tí wọ́n pa tì ló ṣe wọ́n? Ó tì o! Ìwé atúmọ̀ èdè Macquarie ni wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n wá ń kìlọ̀ káyé má tẹjú mọ́ fóònù mọ́, Facebook sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń kìlọ̀ ọ̀hún. Ẹni tó tẹrí ba ló rí i kà.

Ó wá ku tàwa tá a ní kíkí fún gbogbo iṣẹ́. Onídìrí ń gbọ́ “ojú gbooro o”, aláró ń gbọ́ “àrẹ̀dú o”, ọdẹ ń gbọ́ “àrìnpa o”. Bó o bá jókòó lásán pàápàá, wọn á ní ẹ kú ìjókòó. Kí la ó wá kí ẹni tó ń tẹ fóònù nídìí pósí bàbá rẹ̀? Mo dábàá “ẹ kú ìtẹ̀ o”. Mo ti fi kí ọ̀gbẹ́ni kan. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Mo ń bọ̀, sà,” kò sì kúrò lójú kan.