Ẹ̀yin Àgbẹ̀ Inú Korobá, Mo Júbà

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester àti gbogbo ibi tí òtútù ti ń mú yín gbọ̀n, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Gbogbo wa la rí fọ́tò tí ẹ gbé sórí WhatsApp ẹbí. Ọkùnrin ńlá kan kúnlẹ̀ síwájú korobá, ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ó ń na ìka sí ewé mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Oko mi rèé.” Wọ́n gbé fóònù náà fún bàbá ní Ìsẹ́yìn, bàbá tó ń kọ igba ebè lóòjọ́ nígbà tí agbára ṣì wà. Ó wò ó títí, ó wá béèrè pé ta ló kú, tí ọmọ òun fi kúnlẹ̀ níwájú korobá.

Ẹ má bínú sí bàbá. Òun ló mọ bí ẹ ṣe kúrò nílé. Tó bá ní ẹ jẹ́ ká lọ sóko, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run yín. Tó bá ní ẹ wá tu èpò ìdí ẹ̀gẹ́, ìdánwò WAEC á ti ku ọ̀la. Ẹ sá fún ọkọ́ títí ẹ fi gba físà, ẹ wọ bàálù, ẹ balẹ̀ sí Heathrow, ẹ mí kanlẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ wọ ilé ìtajà, ẹ sì fi owó ara yín ra ọkọ́. Ọkọ́ kékeré ni lóòótọ́, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé kó lè bá ìbọ̀wọ́ yín mu, ṣùgbọ́n ọkọ́ ni. Mo rí i.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ẹ ń ra ilẹ̀. N kò sọ pé ẹ ra púlọ́ọ̀tì o. Iyẹ̀pẹ̀ ni, nínú ọ̀rá, tí wọ́n tẹ iye líítà sí lára: líítà 40, líítà 50. Kọ́ńpọ́ọ̀sì lorúkọ rẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bá ọmọ onílẹ̀ ṣẹjọ́ lórí éékà ilẹ̀ láti ìgbà Ṣàgàrí ló tò sórí ìlà nílé ìtajà, tó ń dúró kó san owó iyẹ̀pẹ̀. Ó dára náà. Kò sí sọ́fẹ́yọ̀, kò sí C of O, kò sẹ́ni tó wá gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ilẹ̀ rẹ̀ sínú búùtù, ó gbé e lọ sílé.

Ẹbu náà, rírà ni. Ẹ ò lè kàn mú pòtétò tó ṣẹ́kù nínú ilé ìdáná kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n ń tà fún jíjẹ lè gbé àrùn wá. Ẹbu tí wọ́n ti yẹ̀ wò ló dájú. Nígbà tó bá di Fẹ́búárì, ẹ ó tò ó sínú páálí ẹyin, ibi tí ojú pọ̀ sí lára rẹ̀ ni ẹ ó kọ sókè, ẹ ó sì gbé e sójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí kò sì sí òtútù jù, títí yóò fi hù. Ìyàwó ilé tó ń wá ẹyin tí yóò dín ní òwúrọ̀ kò mọ èyíkéyìí nínú àlàyé yìí. Ó ṣí páálí, ojú mẹ́rìnlélógún wò ó. Igbe tó ké, aládùúgbò òyìnbó fẹ́ẹ̀ pe ọlọ́pàá.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn ẹbu náà. Charlotte. King Edward. Ẹ kó gbogbo ààfin sínú korobá! Rocket wà níbẹ̀ fún àwọn tí kò ní sùúrù. Ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín ní ìparí Máàṣì, ẹ ti ń wú u. King Edward ní tiẹ̀ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 20. Kábíyèsí kì í kánjú.

Iṣẹ́ tó kù kò le, ìwọra ló ń bà á jẹ́. Ọ̀nà rẹ̀ nìyí: ẹ lu ihò sí ìdí korobá, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ to ẹbu sí i, ẹ bò ó. Bí ewé bá ti ń ga, ẹ máa da iyẹ̀pẹ̀ lé e títí korobá yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìdí rẹ̀ ni pé òkè ẹbu ni pòtétò ti ń ta, lára ẹ̀ka abẹ́ ilẹ̀, kì í ṣe lára gbòǹgbò. Oòrùn kò sì gbọdọ̀ rí i, torí èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá bà, yóò di àwọ̀ ewé, yóò ní oró tí wọ́n ń pè ní solanine, inú ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò sọ ọ́ fún un. Bàbá tó ń kọ ebè ìbá ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbòdí yìí fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 1994, ṣùgbọ́n inú ń run yín lọ́jọ́ náà. Ẹ wá lọ ń wo fídíò ọmọ òyìnbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún.

Korobá líítà 40, ẹbu mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó o. Bùrọ̀dá wa kan kó mẹ́wàá sí i. Ó ní ṣebí bí èèyàn bá ṣe gbìn tó ni yóò ṣe wú tó. Nígbà tó wú u, pòtétò rí bí ọmọ ayò. Ẹnìkejì rẹ̀ gbàgbé láti lu ihò. Òjò Manchester rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra, pòtétò ṣe ìrìbọmi, kò jáde mọ́. Ẹlòmíì lu ihò dáadáa, ó bomi rin dáadáa, oko dúdú minimini. Ìgbà tó wá di Júláì, ó wọ bàálù wá jó ní ìgbéyàwó ní Ìbàdàn, omi sì tètè máa ń gbẹ nínú korobá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Aṣọ ẹbí dára lára rẹ̀ púpọ̀. Oko rẹ̀ ti di igbó gbígbẹ kó tó padà.

Ìgbín wá ńkọ́? Nílé, àwa là ń jẹ ìgbín, a ó fi ata rodo sí i, a ó fi ọtí tútù tì í. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbín ló ń jẹ oko yín, ìhòòhò ló sì máa ń wá, kì í gbé ìkarahun. Òyìnbó ní tí ẹ bá bu bíà sínú àwo, tí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ìgbín ń gbà kọjá, yóò wá mu ún, yóò sì kú sínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ti díákónì tó lọ ra bíà agolo méjì lálẹ́ Sátidé, tó sì bá ìyàwó pásítọ̀ pàdé níbi tí wọ́n ti ń sanwó. “Mọ́mì, ìgbín ni mo rà á fún.” Ẹ bá mi rò ó. Àdúrà ìtúsílẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìsìn lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ lọ gbé ọdún níbẹ̀ láti tọ́ ọmọ ọmọ, mo mọ̀ yín. Ẹ kì í rí ewé kí ẹ má béèrè bóyá ẹ̀fọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀fọ́. Ẹbí tòmátì, ata àti ikàn ni pòtétò, nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń so èso kéékèèké tó jọ tòmátì tí kò tíì pọ́n, oró ni. Ẹ má já a sínú ọbẹ̀. Tí ẹ bá sì rí àpá dúdú dúdú lára ewé lẹ́yìn òjò, ẹ gé ewé náà kíákíá. Irú àrùn yẹn ló wọ oko Ireland ní 1845, tí ìyàn rẹ̀ pa nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù kan. Èmi ò ní fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Àbí ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi pòtétò yan yangà? Orí òkè Andes ní Peru àti Bolivia ló ti wá, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń gbìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láìya fọ́tò kankan. Nígbà tó dé ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ èèyàn kọ̀ ọ́, wọ́n ní oúnjẹ ẹran ni. Apòògùn kan, Antoine Parmentier, tó jẹ ẹ́ nígbà tó wà lẹ́wọ̀n ogun ní Prussia, ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kanrí. Wọ́n ní ó gbìn ín sí pápá kan lẹ́bàá Paris ní àwọn ọdún 1780, ó fi ṣọ́jà ṣọ́ ọ lọ́sàn-án, ó ní kí wọ́n máa relé lálẹ́ kí àwọn ará àdúgbò lè ráyè jí i. Wọ́n sì jí i. Wọ́n tún ní Ayaba Marie Antoinette fi òdòdó rẹ̀ ṣe irun lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ̀yin ìyàwó àgbẹ̀ inú korobá, ẹ gbọ́ àbí? Òdòdó ń bẹ lóko ọkọ yín, funfun wà, elésè àlùkò wà. Ẹ fi há gèlè ní Sátidé tó ń bọ̀, kí gbogbo Peckham lè mọ̀ pé onílẹ̀ lẹ fẹ́.

Ní Oṣù Kẹwàá 1995, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà mú pòtétò ta nínú ọkọ̀ gbalasa òfurufú Columbia, lókè lọ́hùn-ún níbi tí kò sí ilẹ̀ rárá. Àwọn yẹn ní ohun tí wọ́n lè gbé sórí WhatsApp.

Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Mo ti rí korobá dúdú yín ní bálíkónì Súrùlérè, tí ẹ gbé sínú oòrùn ọ̀sán, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń fẹ́ èéfín gbígbóná sí i lálẹ́. Ewé á yọ, ewé á dára, ẹ ó dá korobá dé, ẹ ó bá ewé. Alẹ́ tútù ni pòtétò ń fẹ́ kó tó lè ta, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé Jọ́s ló gbà á lálejò, lórí òkè tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,200. Alẹ́ Èkó kì í tutù fún ènìyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti pòtétò. Ọ̀dùnkún ni kí ẹ gbìn. Òun fẹ́ràn ooru, àpò ìrẹsì tó ti ya tó o láti gbé, ewé tirẹ̀ sì ṣeé sè.

Ó ku ọjọ́ ìkórè àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, bàbá oko da korobá dé, àwọn ọmọ ń tú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń kígbe bí wọ́n ṣe ń rí i lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní purọ́, pòtétò tí wọ́n wú láàárọ̀, tí wọ́n fi awọ sè lọ́sàn-án, tí wọ́n fi bọ́tà àti iyọ̀ sí, èyí tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá súpámákẹ́ẹ̀tì kò lè bá a du adùn. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó ju kílò kan lọ díẹ̀. Ìyàwó ṣírò owó korobá, iyẹ̀pẹ̀, ẹbu, ajílẹ̀ àti bíà ìgbín, ó ká ìwé náà, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ ẹ́, àwo mọ́ féfé.

Bàbá oko wá fẹ̀yìn ti àga. Ó ní ó dùn o, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá gidi kì í fi pòtétò sùn, kí wọ́n tètè ro poundo fún òun. Ìyàwó gbé omi kaná, ó gbé páálí poundo sórí tábìlì. Àbíkẹ́yìn wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà yí ẹ̀gbẹ́ páálí síta, ó fìka sí ibi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, ó sì ń kà á sókè ketekete: “Iṣu lílọ̀... pòtétò gbígbẹ...”

Bàbá ní kó lọ sùn.